Pósí fún Ẹsẹ̀ Marẹ́nkò

Ìlú Ọba,
Ọjọ́ Ajé, 17 Oṣù Kejì, 2025

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún yín láti òkèèrè. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú ooru, nítorí Ìtùnú àbúrò mi ní ooru tó ń mú ní Adó báyìí kì í jẹ́ kí èèyàn fẹ́ wọ aṣọ. Yìnyín ló ń bọ́ lọ́dọ̀ tiwa níbí. Mo mọ̀ pé ẹ̀rọ ìlapákó ló gba etí lọ́wọ́ yín, ẹ ò sì lè gbọ́ mi lórí fóònù mọ́, ṣùgbọ́n mi ò ní dẹ́kun láti máa kọ̀wé. Ìtùnú á tẹ èyí jáde ní àdúgbò Adébáyọ̀, á mú un wá fún yín. Ẹ kọ èsì yín sínú ìwé, kó fi fóònù yà á ránṣẹ́ sí mi bíi ti tẹ́lẹ̀.

Bàbá, ẹ jókòó kí n tó sọ ọ́: Marẹ́nkò ti kán! Ẹsẹ̀ òsì ni, ẹsẹ̀ tó fi ń dá wa lóró láti ọdún mẹ́ta. Bí ẹ bá ti gbàgbé rẹ̀, òun ni ìràwọ̀ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Búlúù, òun ló gbá góòlù mẹ́rin wọ ilé Pupa tiwa lọ́dún tó kọjá tí mi ò fi lè jẹun fún ọjọ́ méjì. Ẹ mọ̀ pé lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, tí mi ò bá sí ní ilé ìkẹ́rùsí, pápá ìṣeré àwọn Búlúù ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n máa ń wọ aṣọ aláwọ̀ ìyeyè fún wa, a ó kẹ̀yìn sí bọ́ọ̀lù, a ó kọjú sí èrò kí wọ́n má baà ya wọ pápá. Nítorí náà mi ò rí i. Mo gbọ́ ọ lẹ́yìn mi, bí ìgbà tí èèyàn bá ṣẹ́ igi ìdáná lórí orúnkún. Ẹgbàá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún èèyàn ló dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo bu ètè mi jẹ kí n má baà rẹ́rìn-ín, nítorí ọwọ́ wọn ni mo ti ń jẹun.

Túbọ̀sún ọ̀rẹ́ mi ti pè mí. Àwọn ọmọ Pupa tó ń pàdé ní ilé ìwobọ́ọ̀lù rẹ̀ ní Òkè-Ìlá fẹ́ ṣe òkú ẹsẹ̀ náà lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tó ń bọ̀. Wọ́n ti tẹ pósítà ìsìnkú ní àdúgbò Fájuyì. Pósí ló kù. Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má lé wọn. Ẹ bá mi kàn án, kékeré, kó dára. Bí ẹ bá ṣe é, bí ìgbà tí èmi náà wà níbẹ̀ ni.

Èmi ni ọmọ yín,
Olúwajùwọ́nlọ


Òkè-Ìlá, Adó-Èkìtì,
Ọjọ́rú, 26 Oṣù Kejì, 2025

Olúwajùwọ́nlọ ọmọ mi,

Ìwé rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. A dúpẹ́, ara le, iṣẹ́ ń lọ. Odindi ìwé lo fi sọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ ẹni ẹlẹ́ni, o kò sọ bóyá o ti rí ìjọ tí o ń lọ, o kò sọ ohun tí o ń jẹ. Ká ní ìyá rẹ wà láyé, ì bá dá ìwé náà padà pé kí o lọ tún un kọ.

Mo kan pósí yín. Mo ti fi ọdún mẹ́tàlélógójì kan pósí ní ìlú yìí, n kò kan ti ẹsẹ̀ rí. Túbọ̀sún àti àwọn mẹ́ta wọ ṣọ́ọ̀bù wá, ó fi pẹ́ńsùlù mi kọ ọ̀rọ̀ sórí pákó bí gbogbo èèyàn ti máa ń ṣe kí n lè mọ ohun tí wọ́n ń wí: "Ẹ kú uṣẹ́, Bàbá. Ẹ kàn ṣe é bí àpótí ọṣẹ." Mo ní kì í ṣe ní ṣọ́ọ̀bù tèmi. O mọ òfin tí ọ̀gá mi fi lé mi lọ́wọ́. A kì í fojú wọn pósí. Ọ̀pá là ń gé sí ìwọ̀n òkú, ọ̀pá náà kì í sì í padà sí ṣọ́ọ̀bù. Inú pósí là ń fi í sí kí a tó kàn án pa, kí ó má baà jáde lọ wá ẹlòmíràn tí yóò wọ̀n. Ọ̀pá ìyá rẹ wà lọ́dọ̀ rẹ̀ títí di òní, ìwọ fúnra rẹ lo nà án sí mi.

Mo wá bi wọ́n pé ta ni n óò wọ̀n, nígbà tí Marẹ́nkò kò sí ní Adó? Túbọ̀sún kọ ọ́ pé ìwọ àti ọkùnrin náà ga bákan náà, pé wọ́n tilẹ̀ máa ń fi ọ́ ṣẹ̀fẹ̀ pé ẹ jọ bí ìbejì. Mo rántí ọ̀pá igi àfàrà tí mo gé sí ìwọ̀n ẹsẹ̀ òsì rẹ lọ́jọ́ tí ó kán ní pápá ilé-ẹ̀kọ́, ìgbà tí mo fẹ́ kan igi ìtilẹ̀ fún ọ. O ti ga tán nígbà náà. Ó ṣì wà lára ìṣó lórí ògiri, orúkọ rẹ wà lára rẹ̀. Òun ni mo fi wọ̀n ọ́n. Ínṣì méjìdínlógójì.

Wọ́n sin ín lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, lẹ́yìn ilé ìwobọ́ọ̀lù. Bàtà bọ́ọ̀lù kan ni wọ́n sọ sínú rẹ̀, èmi ni mo kàn án pa. Wọ́n kọ orin ìsìnkú. N kò gbọ́, mo rí ẹnu wọn. Wọ́n ń fi ẹsẹ̀ kan fò kiri bí arọ, èrò ń rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ọ̀gbẹ́ni Adédoyin aládùúgbò wa, akọ̀wé ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì, tó jẹ́ ọmọ Búlúù, dúró lókèèrè, ó ṣí fìlà. Mo rò pé àwàdà lòun náà ń ṣe, àfìgbà tí mo rí omi lójú rẹ̀.

Ohun kan ló yà mí lẹ́nu. Géńdé mẹ́rin ló gbé pósí náà, bẹ́ẹ̀ bàtà kan péré ló wà níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n máa fi sọ̀ ọ́ kalẹ̀, iṣan ọrùn wọn ti yọ, òógùn bò wọ́n. Lẹ́yìn náà, kò sí èyí tó rẹ́rìn-ín nínú àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́.

Lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Jẹun.

Bàbá rẹ,
Bámidélé Ajíbádé


Ìlú Ọba,
Ọjọ́ Àìkú, 9 Oṣù Kẹta, 2025

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú àsìkò yìí. Ẹ ṣé, ẹ ṣé, Bàbá tó ju bàbá lọ. Mo ka ìwé yín nínú bọ́ọ̀sì, mo rẹ́rìn-ín títí òyìnbó ẹ̀gbẹ́ mi fi ṣí ìjókòó. Láti ọjọ́ tí ẹ ti sin ẹsẹ̀ yẹn, Pupa kò tíì pàdánù. Ẹ̀mẹ́ta la gbá, ẹ̀mẹ́ta la borí. Túbọ̀sún ní pósí yín ló ń ṣiṣẹ́.

Níbí, àwọn Búlúù ń kó òdòdó sí ẹnu géètì pápá bí ìgbà tí èèyàn kú. Wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún Marẹ́nkò lẹ́ẹ̀mejì. Ìwé ìròyìn ní egungun ti tò, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ náà tutù, ẹ̀jẹ̀ kò fẹ́ dé ibẹ̀, wọn ò sì mọ ìdí rẹ̀.

Bàbá, ẹsẹ̀ òsì tèmi náà ń tutù. Ẹ má bínú pé mo ń sọ nǹkan kékeré. Ó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìlélógún oṣù tó kọjá, lọ́sàn-án, lẹ́nu iṣẹ́. Mo rò pé omi wọ bàtà mi. Mo bọ́ ọ, ó gbẹ. Mo wọ ìbọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo ki ẹsẹ̀ bọ omi gbígbóná, omi náà ló tutù. Bí ẹnìkan bá ń bọ̀ láti ilé, ẹ fi òrí díẹ̀ rán an.

Ọmọ yín,
Jùwọ́n


Òkè-Ìlá, Adó-Èkìtì,
Ọjọ́ Ẹtì, 14 Oṣù Kẹta, 2025

Olúwajùwọ́nlọ,

Mo kí ọ. Ọkùnrin tó ga ju bàbá rẹ̀ lọ ni ìbọ̀sẹ̀ ń dà láàmú! Ẹsẹ̀ tó bá ti kán rí kì í gbàgbé òtútù, ọ̀rọ̀ náà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ti fi òrí rán Olúwabùnmi ọmọ Ìyá Ìyìn, ó ń bọ̀ ní Ìlú Ọba lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Fi pa á láti gìgísẹ̀ sókè, kì í ṣe láti òkè wá sísàlẹ̀.

Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ ti sọ àwàdà di ìsìn. Kí bọ́ọ̀lù tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n á yí sàréè náà ká, wọ́n á bu omi lé e, ẹni kọ̀ọ̀kan á fi ẹsẹ̀ òsì lu ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Olùkọ́ wà nínú wọn o, òṣìṣẹ́ ìjọba wà nínú wọn. Mo sọ fún alùfáà wa, ó ní kí n fi wọ́n sílẹ̀, eré ọ̀dọ́ ni. Ọ̀gbẹ́ni Adédoyin kò kí mi mọ́. Mo bá a lọ́nà lánàá, ó gba pẹ́ńsùlù etí mi, ó kọ ọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀, ó nà án sí mi lójú: "Ẹ sin alààyè." Ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Àgbà ń bínú bí ọmọdé nítorí bọ́ọ̀lù. Ṣọ́ra fún òtútù.

Bàbá rẹ


Ìlú Ọba,
Ọjọ́ Àìkú, 30 Oṣù Kẹta, 2025

Bàbá mi,

Ẹ kú ìrọ́jú. Òrí dé, mo fi pa á, kò mú nǹkan kan.

Òtútù náà ń gòkè. Mo ń fi bírò sàmì sí ibi tó dé. Ó ti kọjá ọrùn ẹsẹ̀, ó ti kọjá ojúgun, ó ku díẹ̀ kó dé orúnkún. Kì í gòkè lójoojúmọ́. Ọjọ́ tí Pupa bá borí ló ń gòkè, bí ìka kan ṣe gùn tó. Ọjọ́ tí a gbá ọ̀mì, ó dúró. Mo ti ń bẹ̀rù pé ẹgbẹ́ mi á gbá góòlù wọlé, Bàbá, èmi Jùwọ́n.

Túbọ̀sún fi fídíò ìsìnkú ránṣẹ́ sí gbogbo wa. Mo wò ó lẹ́ẹ̀kan, mo rẹ́rìn-ín. Mo wò ó lẹ́ẹ̀kejì, mo rí ọwọ́ yín. Kí ẹ tó gbé ìdérí lé pósí náà, ẹ mú ọ̀pá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, ẹ fi sínú rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàtà, ẹ ò tilẹ̀ wò ó. Mo dá fídíò dúró níbẹ̀, mo fẹ̀ ẹ́. Orúkọ mi ló wà lára ọ̀pá náà. Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ lọ wo ògiri. Ẹ wò ó bóyá mo ṣì wà lára ìṣó.

Mo parọ́ fún yín nínú ìwé àkọ́kọ́. Mi ò bu ètè jẹ. Mo rẹ́rìn-ín, mo tilẹ̀ kígbe. Ohùn èèyàn kan ṣoṣo ni wọ́n gbọ́ nínú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn, tèmi ni. Nígbà tí wọ́n ń gbé Marẹ́nkò kọjá níwájú mi, ó yí orí padà. Mo rò pé ojú mi ló máa wò. Kò wò ó. Ẹsẹ̀ mi ló ń wò, títí wọ́n fi gbé e wọlé.

Ẹ tètè fèsì.

Jùwọ́n


Ìlú Ọba,
Ọjọ́ Ajé, 14 Oṣù Kẹrin, 2025

Bàbá,

Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, ẹ ò fèsì. Ìtùnú ní ẹ ti ka ìwé mi, pé ẹ jókòó sí ṣọ́ọ̀bù, ẹ kọjú sí ògiri, ẹ ò kan nǹkan kan. Ṣé ẹ ń bínú sí mi ni? Ẹ bínú, ṣùgbọ́n ẹ kọ̀wé. Ó ti dé orúnkún. Mo ń fi ọ̀pá rìn.

Jùwọ́n


Òkè-Ìlá, Adó-Èkìtì,
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 22 Oṣù Kẹrin, 2025

Ọmọ mi,

N kò bínú sí ọ. Ojú ló ń tì mí. Ọjọ́ tí mo ka ìwé rẹ, mo dìde, mo wo ògiri, mo bá ìṣó lásán.

Jùwọ́n, ọwọ́ ló ṣe é. Ọwọ́ tó ti ń ṣe nǹkan kan náà fún ọdún mẹ́tàlélógójì kì í bi ọlọ́wọ́ rẹ̀ léèrè. Mo wọ̀n ọ́n tán, mo fẹ́ kàn án pa, ọwọ́ mi mú ọ̀pá, ó fi sínú rẹ̀ bí ó ti ń ṣe fún òkú gbogbo. Èmi ẹni tó ń wí fún àwọn ọmọṣẹ́ pé kí wọ́n máa fojú sí iṣẹ́! Ìwọ ni mo wọ̀n, ìwọ ni mo kàn pa. Mo ti gbààwẹ̀ ní gbogbo ọ̀sẹ̀ Àjíǹde, mo wà nínú ìsìn, gbogbo ìjọ ń sọ pé ibojì ṣófo, èmi ń ronú èyí tí kò ṣófo ní Òkè-Ìlá.

Mo lọ bá Túbọ̀sún pé a óò hú u. Ó mú mi jókòó dáadáa, ó ra mọ́ọ̀tì fún mi. Ó sì kọ ọ́ sórí pákó tí mo mú dání: "Bàbá, ohun tó bá ti wọ ulẹ̀, ti ulẹ̀ ni. Ẹ̀marùn-ún péré ló kù ká gbá. Ẹ jẹ́ ká gba ife ná." Mo ní ọ̀pá ọmọ mi ló wà níbẹ̀. Ó tún kọ ọ́: "Mo mọ̀. Ọjọ́ tí mo wo fídíò ni mo ti rí i. Ọmọ Pupa ni Jùwọ́n. Ó lè fara dà á." Ẹni tó jẹun nínú abọ́ ìyá rẹ! Ó ti fi àgádágodo ti ọgbà ẹ̀yìn náà, àwọn méjì ń jókòó ṣọ́ ọ.

Mo gbé pákó náà délé, mo fi rándà, irin tí a fi ń fá pákó, pa ọ̀rọ̀ rẹ̀ rẹ́. Ó tún yọ. Mo ti fá a lẹ́ẹ̀mẹta, pákó ti fẹ́lẹ́, ọ̀rọ̀ náà ṣì wà níbẹ̀.

N óò wá ọ̀nà tí n óò gbà wọlé. Ṣùgbọ́n nǹkan kan ń dá mi dúró, n kò ní fi pa mọ́ fún ọ. Pósí tó bá ti wọ ilẹ̀ kì í wà láìní ọ̀pá. Bí mo bá yọ tìrẹ, ó di dandan kí n fi ìwọ̀n ẹsẹ̀ mìíràn rọ́pò rẹ̀. Ta ni n óò fi síbẹ̀?

Bàbá rẹ


Ìlú Ọba,
Ọjọ́ Àìkú, 4 Oṣù Karùn-ún, 2025

Bàbá mi,

Mo dọ̀bálẹ̀, lórí ibùsùn ni mo ti ń dọ̀bálẹ̀. Mo ṣubú ní ilé ìkẹ́rùsí lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n ní kí n máa lọ sílé. Dókítà fi abẹ́rẹ́ gún ẹsẹ̀ náà, mi ò mọ̀. Ó ní òun ò rí ohun tó ṣe é. Ó ní bí kò bá yí padà kí oṣù yìí tó parí, a máa jókòó sọ̀rọ̀ gígé. Bó ṣe sọ ọ́ náà nìyẹn, wẹ́rẹ́, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ èékánná.

Mo fi téèpù wọ̀n ọ́n láàárọ̀ yìí. Láti gìgísẹ̀ dé ibi tí òtútù dé, ínṣì mẹ́tàlélógún. Túbọ̀sún pè mí, ó ní kí n rọ́jú, pé wọ́n máa kọ orúkọ mi sára aṣọ ìṣẹ́gun. Mo pa fóònù mọ́ ọn lójú. Mi ò ṣe Pupa mọ́, Bàbá. Kí wọ́n kó ife náà sínú odò.

Lọ́jọ́sí mo ra òdòdó aláwọ̀ aró, mo tiro dé géètì àwọn Búlúù, mo gbé e lé ti àwọn yòókù. Ìyá àgbà kan tó wà níbẹ̀ rí bí mo ṣe ń sunkún, ó dì mọ́ mi. Ó rò pé ọmọ Búlúù ni mí. Mi ò lè sọ fún un pé èmi ni mo rẹ́rìn-ín.

Ẹ fi igi ìdáná sínú pósí náà! Ẹ fi ẹsẹ̀ àga! Ohunkóhun! Ẹ ṣáà yọ mí kúrò níbẹ̀.

Jùwọ́n


Òkè-Ìlá, Adó-Èkìtì,
Ọjọ́ Ajé, 12 Oṣù Karùn-ún, 2025

Jùwọ́n mi,

Ó parí. Mo ti yọ ọ́.

Àná, ọjọ́ Àìkú, lásìkò ìsìn ni mo lọ. Gbogbo wọn wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, títí kan àwọn tó ń ṣọ́ ọgbà. Ọdún mọ́kànlélógún nìyí tí mo ti ń ṣe sídẹ́sìn, tí mo ń darí èrò sí ìjókòó, ìgbà àkọ́kọ́ tí àga mi yóò ṣófo nìyẹn. Ọ̀gbẹ́ni Adédoyin ni mo lọ bẹ̀. Mo kọ gbogbo rẹ̀ fún un, ó kà á tán, ó wọlé, ó mú ṣọ́bìrì àti ayùn irin jáde. Kò ní kí n tọrọ àforíjì kí ó tó tẹ̀ lé mi.

A gé àgádágodo, a walẹ̀. Oòrùn ń ràn. Ilẹ̀ náà gbẹ bí ẹ̀kọ tó ti pẹ́ lórí iná. A kò rí èèrà kan, a kò rí ekòló kan. Pósí gbẹ, bàtà gbẹ. Ọ̀pá rẹ nìkan ló tutù, ó tutù débi pé mo fi aṣọ dì í kí n tó lè gbé e. Ó rin láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, ó dé ibì kan, ó dúró, ibẹ̀ sókè gbẹ. Mo fa téèpù yọ. Ínṣì mẹ́tàlélógún. Mo fi téèpù han Adédoyin, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Mo ti fi ìró ìyá rẹ wé ọ̀pá náà, ó wà lórí páànù níbi tí oòrùn ti ń pa á. Ohun tí mo fi rọ́pò rẹ̀, má bèèrè. Mo kàn án pa bí ó ti yẹ, a bò ó, a ra àgádágodo irú èyí tí a gé. Túbọ̀sún kò mọ̀.

Kọ̀wé sí mi kíá. Sọ bí ó ti rí fún mi.

Bàbá rẹ


Ìlú Ọba,
Ọjọ́ Àìkú, 18 Oṣù Karùn-ún, 2025

Bàbá mi, olówó orí ìyá mi,

Mo dọ̀bálẹ̀, mo dìde, mo tún dọ̀bálẹ̀, orí ẹsẹ̀ méjèèjì! Ọjọ́ Àìkú yẹn, nǹkan bí aago mẹ́wàá, mo wà lórí ibùsùn, ó dà bí ẹni pé wọ́n da omi gbígbóná sí mi láti itan wá sísàlẹ̀. Mo pariwo, onílé mi sáré wá. Láti ìgbà náà ó ń gbóná sí i. Dókítà fi abẹ́rẹ́ gún un, mo fò sókè, òun náà rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí n sinmi ọ̀sẹ̀ kan kí n tó padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ẹ tún gbọ́. Lọ́sẹ̀ yẹn kan náà ni ẹ̀jẹ̀ padà sí ẹsẹ̀ Marẹ́nkò. Wọ́n gbé àwòrán rẹ̀ jáde, ó dúró, ó di ògiri mú, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo sunkún nígbà tí mo rí i. Mo ti lẹ àwòrán náà mọ́ ara ògiri mi, èmi tí mo ní àsíá Pupa níbẹ̀ láti ọdún mẹ́jọ!

Ẹ sọ fún mi nísinsìnyí tí gbogbo rẹ̀ ti parí, kí ni ẹ fi rọ́pò? Ẹsẹ̀ àga ni, àbí ti ewúrẹ́? Ẹ sọ ọ́, kí n rí ohun fi rẹ́rìn-ín.

Ọmọ yín tó ń rìn,
Olúwajùwọ́nlọ


Òkè-Ìlá, Adó-Èkìtì,
Ọjọ́bọ̀, 29 Oṣù Karùn-ún, 2025

Olúwajùwọ́nlọ ọmọ mi,

Mo ka ìwé rẹ títí ó fi ya ní ibi tí mo ti ń ká a. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ẹni tó ni wá.

Pupa gba ife lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, o ti gbọ́. Wọ́n jó wá sí ṣọ́ọ̀bù mi láti dúpẹ́ pósí. Gbogbo wọn ń fi ẹsẹ̀ kan fò, wọ́n ń ya ẹnu, n kò gbọ́ nǹkan kan. Túbọ̀sún nawọ́ sí mi pé kí n dìde bá àwọn jó. Mo ní kí wọ́n má bínú, mo jókòó.

Ìtùnú ní bí n kò bá sọ fún ọ, òun yóò sọ. Ó sàn kí o gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Pósí kò gba ẹsẹ̀ àga, kò gba ti ewúrẹ́. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tó ṣáájú ọjọ́ tí a hú u, mo jókòó lórí bẹ́ǹṣì, mo na ẹsẹ̀ òsì mi, mo gé ọ̀pá àfàrà kan sí i. Ínṣì mẹ́rìndínlógójì. Mo kọ orúkọ mi sí i kí ó má baà ṣìnà. Ta ni o fẹ́ kí n fi síbẹ̀? Ọmọ ta ni?

Má sunkún, má sì gbé ọ̀rọ̀ wíwá sílé nítorí èyí. Má tilẹ̀ ro pé kí ẹnikẹ́ni tún hú u, ojú kan ni yóò máa wà. Ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin ni mí, ìjókòó ni mo fi ń ṣe iṣẹ́ mi. Òtútù náà ti dé orúnkún, ó yára ju tìrẹ lọ, ṣùgbọ́n kò dùn mí. Igi ìtilẹ̀ tí mo kàn fún ọ láyé ọjọ́sí ni mo fi ń rìn, ó gùn jù fún mi díẹ̀, mo ti gé e. Adédoyin ń wá bá mi jókòó ní ìrọ̀lẹ́, ó ń kọ ìròyìn Marẹ́nkò sórí pákó fún mi. Èmi náà ti di ọmọ Búlúù lọ́jọ́ alẹ́.

Ohun kan wà tí n kò sọ fún Ìtùnú. Etí mi kò gbọ́ nǹkan kan láti ọdún méje, o mọ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí mo ti sọ ọ̀pá mi kalẹ̀ sínú pósí, ẹsẹ̀ tó kú yìí ń gbọ́. Ó ń gbọ́ ìrìn rẹ. Mo mọ ìgbà tí o bá dìde, mo mọ ìgbà tí o bá gun àtẹ̀gùn, ẹsẹ̀ òsì rẹ ló máa ń kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́. Lánàá, nígbà tó ku díẹ̀ kí aago mẹ́rin lù, o sáré. N kò mọ ibi tí o ń sáré lọ. Mo dá ọwọ́ ayùn dúró, mo jókòó jẹ́ẹ́, mo ń rẹ́rìn-ín, títí tí o fi débẹ̀.

Bàbá rẹ,
Bámidélé Ajíbádé